Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Oṣù Bọ́ Lọ́wọ́ Mi, Olúwa Kò Jẹ́ Kí Ojú Tì Mí

Gbèsè ẹ̀rí yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará ìjọ yìí ló ń pè mí ní Àǹtí Lọ́yà, ẹ ń rí mi tí mò ń wọlé tí mò ń jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́dún Kòrónà, àti ọ̀nà tí Olúwa gbà yọ mí, n kò tíì là á sílẹ̀ ní gbangba rí.

Ohun kan ni kí n kọ́kọ́ sọ. Òfin iṣẹ́ mi dè mí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Bó jẹ́ ẹni tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni, ohun tó bá gbé wá síwájú mi kò gbọ́dọ̀ tẹnu mi jáde. Nítorí náà, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rí mi láìgbọ́ orúkọ. Ìdílé kan ṣoṣo ni màá fẹnu ba ọ̀rọ̀ wọn, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí n sọ ọ́, nítorí ọjọ́ tí Ọlọ́run gbà mí ló gba àwọn náà.

Wọ́n ti pè mí sí bárì nílé kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Ní Nàìjíríà, lọ́yà kan náà ni bárísítà, òun náà ni sọlísítọ̀: ó lè kọ ìwé ilẹ̀ láàárọ̀, kó sì gbé wíìgì borí lọ sí kóòtù lọ́sàn-án. Níbí, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì, lọ́yà tó bá sì ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn kó tó di sọlísítọ̀. QLTS ni wọ́n ń pè é nígbà tèmi, kí SQE tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Òru ni mo fi kàwé rẹ̀, ọ̀sán ni mo fi ń bá wọn to fáìlì ní ọ́fíìsì. Olúwa mú mi yege. Ẹ̀rí ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń gbowó oṣù, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n fi mí sí. Kí ẹ tó lè mọ inú ohun tí Ọlọ́run ti yọ mí, ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka àkókò mọ́ lọ́yà lọ́wọ́ ní ìlú yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ni. Wọ́n gé wákàtí kan sọ́nà mẹ́wàá, o sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ oníbàárà tí yóò sanwó rẹ̀. O ka lẹ́tà, kọ ọ́ sílẹ̀. O gbé fóònù, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀gá á sì rí iye tó kù kí òṣùwọ̀n rẹ tó kún. Ìṣẹ́jú tí o fi rẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń sunkún lẹ́kún kò sí nínú ìwé. Èyí tí o fi gbàdúrà kò sí níbẹ̀. Ó dé ibi pé bí mo bá ń wẹ ọmọ lálẹ́, mò ń ka ìṣẹ́jú lọ́kàn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ó ti ru kọjá bó ṣe yẹ, ó kọ oògùn fún mi. Mo gbé oògùn mì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, torí owó oṣù yẹn ló ń san owó ilé, òun náà la fi ń ránṣẹ́ sílé.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2020 ni ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ọ́fíìsì, ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tuntun kò sí mọ́, iṣẹ́ ẹ̀ka wa sì gbẹ kíákíá. Wọ́n pè wá sórí Zoom, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé àwọn yóò dín èèyàn kù. Orúkọ mi wà níbẹ̀. N kò di ẹnikẹ́ni sínú. Ọdún náà le fún gbogbo ayé.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù rèé. Òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ jókòó sílé, ìjọba ń san owó furlough fún un, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò gbọ́dọ̀ ju £2,500 lọ lóṣù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn náà ní owó tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá, tó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé owó orí ọdún 2018 sí 2019, ni wọ́n ń fún. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, n kò sì tíì di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lójú ìwé wọn. Mo já sí àárín méjèèjì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, wọ́n ní kí òun náà lọ jókòó sílé. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn lálẹ́, àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa wo ara wa láìsọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tó ṣáájú mi nínú iṣẹ́ yìí ló pè mí tó ní, "Àbúrò, o ò ṣe wá ṣe consultant?" Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ lọ́yà kan, tí SRA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso àwa sọlísítọ̀, ti fún láṣẹ, yóò gbà ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun ló ni ìńṣọ́ránsì, òun ló ni àkáǹtì tí owó oníbàárà ń wọ̀, òun ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ìwọ lo máa wá oníbàárà, ìwọ lo máa ṣiṣẹ́. Bí owó bá wọlé, ẹ ó pín in; níbi tí mo lọ, wọ́n ń mú ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, èmi ń mú àádọ́rin. Bí owó kò bá wọlé, kò sí ohun tí ẹ ó pín. Kò sí owó oṣù, kò sí owó ìsinmi, kò sí owó àìsàn, kò sí owó ìfẹ̀yìntì tí ẹnikẹ́ni ń bá ọ dá sí i. Lóòótọ́, láti oṣù kọkànlá 2019 ni SRA ti gbà kí sọlísítọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta máa dá dúró láìsí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kó gba owó ilé oníbàárà sọ́wọ́. Ta ló wá lè bá èèyàn ra ilé láìgba owó ilé? Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ni mo ní láti lọ.

Mo pe bàbá mi ní Iléṣà kí n tó fọwọ́ síwèé. Mo rò pé wọn á ní kí n wá iṣẹ́ oṣù mìíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ òṣómàáló ni ọ́. Ta ló san owó oṣù fún bàbá tèmi? Aṣọ ni wọ́n rù káàkiri, tí wọ́n tà láwìn fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, tí wọ́n sì lọ gba owó rẹ̀ nígbà tó yá. Owó yẹn ni wọ́n fi rán mi níléèwé." Wọ́n rán mi létí Sapara Williams, Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Sẹ̀rá Líónì ni wọ́n bí i sí. Ìlú London níbí, ní Inner Temple, ni wọ́n ti pè é sí bárì ní 1879, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣe lọ́yà ní Èkó títí ó fi kú ní 1915. Èmi fi Stella Thomas kún un lọ́kàn ara mi, obìnrin tí wọ́n pè sí bárì níbí ní 1933, tó padà lọ ṣe lọ́yà ní Èkó, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Nàìjíríà. Bàbá gbàdúrà fún mi lórí fóònù. Wọ́n ti sùn nínú Olúwa báyìí, wọn ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ṣùgbọ́n nínú àdúrà tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹyọ kan kò bọ́ sílẹ̀.

Ta ni Olúwa kọ́kọ́ lò fún mi? Àwọn tí n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn rí ni. Ẹ rántí pé kí Kòrónà tó dé, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn máa ń gbé ìwé wá bá mi nídìí tábìlì tíì: ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù ìrun, lẹ́tà onílé, lẹ́tà council. Mo máa ń kà á, mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé wá ti ṣọ́ọ̀bù pa, owó ṣọ́ọ̀bù kò dúró, àwọn onílé kan sì ń halẹ̀ pé àwọn máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ òfin tuntun ti jáde lóṣù kẹta ọdún náà. Abala 82 nínú Òfin Kòrónà ti 2020 ní onílé kò gbọ́dọ̀ torí gbèsè owó ṣọ́ọ̀bù gba ṣọ́ọ̀bù padà lọ́wọ́ oníṣòwò lákòókò náà, wọ́n sì ń sún gbèdéke rẹ̀ síwájú títí di oṣù kẹta 2022. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa kò mọ̀. Àbí ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa? Ìmọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní àwọn ò nílò mọ́ lọ́wọ́ mi, òun gan-an ni àwọn èèyàn mi ń wá kiri láti Peckham dé Woolwich. Lẹ́tà ojú ewé kan ló sábà máa ń gbà. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ni mo ti ń kọ ọ́, àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn lórí kọ̀ǹpútà lápá kejì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lókè, orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Onílé á gbà á, ariwo á rọlẹ̀. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì.

Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún yẹn, èmi àti ọkọ mi wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Rishi Sunak, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá ra ilé tí yóò máa gbé kò ní san stamp duty, ìyẹn owó orí ilé rírà, lórí £500,000 àkọ́kọ́ nínú owó ilé náà. Fún ẹni tó ń kó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí ilé tuntun náà sì jẹ́ £500,000, £15,000 ló fò kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Títí di oṣù kẹta 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kí wọ́n tó sún un dé òpin oṣù kẹfà. Mo fò dìde. Ọkọ mi ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ṣé kò sí. Mo ní, "Bàbá Tómi, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, fóònù mi kò sinmi. Ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù, àbúrò oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n jọ ń gbọ́jà wọlé, gbogbo wọn ń fẹ́ ra ilé, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: wọ́n ní kí àwọn wá bá Àǹtí tó kọ lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ ìwé ilé kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba mẹ́rin, kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà, ìgbà yẹn ni owó lọ́yà tó jáde. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, owó kò sí lápò. Ẹ̀yin ìyá ìjọ yìí lẹ gbé wa la oṣù wọ̀nyẹn já. Ìrẹsì, gààrí, ẹ̀fọ́ tí ẹ ti ṣà tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ó gbé sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ó tẹ aago, tí ẹ ó sì sún sẹ́yìn torí òfin Kòrónà, tí ẹ ó máa juwọ́ sí wa láti ẹ̀bá ọ̀nà. N kò gbàgbé. Mo mọ ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, Olúwa náà sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí owó ilé àkọ́kọ́ wọlé, tí wọ́n pín in, tí ìpín tèmi dé, ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ kí n tó ra ohunkóhun.

Ìdáǹdè tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ìdílé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé wọn, kí a lè ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn lọ́jọ́ Ajé. Owó ọdún gbọọrọ ni: èsúsú wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ òru wà níbẹ̀, ìyá ọkọ náà ta ilẹ̀ nílé fi kún un. Lọ́sàn-án Ẹtì, í-méèlì kan wọlé sí wọn. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ wa wà lókè, nọ́ḿbà fáìlì wọn pé. Ó ní àwọn aṣàyẹ̀wò wà lórí àkáǹtì wa, kí wọ́n san owó náà sí àkáǹtì tuntun kí aago mẹ́ta tó lù. Àwọn olè ti wọ inú í-méèlì ọkọ, wọ́n ti ń ka gbogbo ohun tí a ń kọ síra wa, owó ni wọ́n ń dúró dè. Àdírẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tèmi gẹ́lẹ́: níbi tí "m" yẹ kó wà, "r" àti "n" ni wọ́n tò tira, ojú kò sì lè tètè rí i lórí fóònù. Ọkọ ti tẹ nọ́ḿbà tuntun náà sínú áàpù báńkì. Ìka kan ló kù. Ìyàwó ló dì í lọ́wọ́ mú tó ní, "Ẹ dúró ná. Àǹtí ní bí nọ́ḿbà àkáǹtì bá yí padà, ká pe àwọn, ká gbọ́ ohùn wọn."

Wọ́n pè. Mo wà ní yàrá, mò ń gbàdúrà, mo ti pa ohùn fóònù, mo gbé e sílẹ̀ ní pálọ̀. Ọmọ mi kékeré, tí kì í fọwọ́ kan fóònù mi, ló rí i tó ń tàn, ló bá gbé e wá. "Mọ́mì, wọ́n ń pè yín." Ìyàwó béèrè bóyá èmi ni mo yí àkáǹtì padà. Ẹ̀yin ará, orúnkún mi yẹ̀. Mo ní, "Ẹ má san án! Ẹ má tẹ ohunkóhun!" Nígbà tí ó sọ fún mi pé owó kò tíì lọ, ilẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì ń sunkún. Àwọn olè wọ̀nyí fẹ́ràn ọ̀sán Ẹtì, nítorí iṣẹ́ pọ̀, ara ti rẹ èèyàn, kí ọjọ́ Ajé tó mọ́, owó á ti kọjá láti àkáǹtì kan sí òmíràn, a kò ní rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo fi tó ilé-iṣẹ́ létí, àwọn náà fi tó báńkì létí, ọkọ yí ọ̀rọ̀ aṣínà í-méèlì rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ Ajé, owó wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Inú ilé yẹn ni wọ́n ń gbé títí di òní, wọ́n ti bí ọmọ sí i.

Ká ní owó yẹn lọ ni, kì í ṣe ọwọ́ mi ló máa ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló máa bá lọ. Orúkọ sì ni gbogbo ọjà tí consultant ní láti tà. Olúwa ló pa á mọ́ fún mi.

Kí n mẹ́nu ba owó orí, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara wọn. Bí ọjọ́ 31 oṣù kìíní bá dé lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, kì í ṣe owó orí ọdún tó kọjá nìkan ni ìjọba ń béèrè. Wọ́n á tún sábà ní kí o san ìlàjì ti ọdún tó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Alàgbà kan nínú ìjọ yìí, tó jẹ́ oníṣirò owó, ló pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní kí n ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí owó kankan má wọlé láìjẹ́ pé mo gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìwé owó orí dé, mo san án, mo sùn. Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ò gbowó lọ́wọ́ mi, Olúwa yóò san án fún yín.

Ní ti ara mi, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Dókítà ti dín oògùn kù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da oògùn rẹ̀ nù o, mo ṣì ń lo tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í rí ọmọ rẹ̀ lójúmọmọ, òun náà ló ń lọ mú wọn níléèwé báyìí, tó sì ń jókòó ti ẹni tó ń sunkún títí ẹkún náà á fi tán. Mo ṣì ń ka ìṣẹ́jú nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un. Ìṣẹ́jú kò kà mí mọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, tí kò fi ọ̀rọ̀ owó bá mi jà rí ní gbogbo àkókò yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí tó ní kí n wá ṣe consultant. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀jẹ́ kan wà tí mo jẹ́ fún Olúwa, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí san án níwájú yín. Gbogbo Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, màá wà ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ wíìlì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ilé ní London tí kò ní wíìlì. Ẹni tó bá kú ní England láìkọ wíìlì, òfin ló máa pín dúkìá rẹ̀, ẹni tí ẹ jọ ń gbé tí òfin kò ka ìgbéyàwó yín sí kò sì ní ìpín kankan níbẹ̀, ì báà jẹ́ ogún ọdún lẹ ti jọ wà. Ẹlẹ́rìí méjì la nílò tí wọ́n á jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe mú ọmọ tí ẹ fẹ́ pín nǹkan fún wá ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má sì mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ wá, nítorí ohun tí ẹ fún un yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bẹ àwọn alámòójútó méjì, wọ́n ti gbà láti máa jókòó tì mí ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ mú ìwé ilé yín dání, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà wọn. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí la ó bẹ̀rẹ̀.